Rẹ̀mílẹ́kún ará Grayson àti Iṣẹ́ Ìwádìí ní Norway

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí Rẹ̀mílẹ́kún Adégbénró níbi iṣẹ́ á rò pé eré ló ń ṣe. Á jókòó sórí àga ọmọdé, orúnkún rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n, á máa fẹ́ ìfóófòó ọṣẹ pẹ̀lú ọmọ ọdún márùn-ún, á máa dúró kí ọmọ náà sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kó tó tún fẹ́ òmíràn. Iṣẹ́ ni. Àwọn ọmọ tí ọ̀rọ̀ kò já geere lẹ́nu wọn ló ń tọ́jú, láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan sí èkejì ní Gwinnett, lẹ́bàá Atlanta: akólòlò, ọmọ tí kò lè pe "r", ọmọ tó ti pé ọdún mẹ́rin tí kò tíì sọ gbólóhùn kan tó pé. Speech therapist ni wọ́n ń pè é. Ìyá rẹ̀ tó wà ní Ìkìrè máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé dókítà ẹnu ni ọmọ òun.

Ifẹ̀ ló ti kàwé. Law ló fẹ́ kà, ẹ̀kọ́ nípa èdè ni wọ́n fún un, ojú sì máa ń tì í nígbà náà láti dárúkọ rẹ̀, nítorí pé gbogbo ìdílé ló ń béèrè bóyá Yorùbá tó ti gbọ́ láti kékeré náà ló tún ń lọ kọ́ ní yunifásítì. Nígbà tó ṣègbéyàwó, ó bá ọkọ rẹ̀, Olúkáyọ̀dé, wá sí Atlanta. Ọkọ ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù, níbi tó ti ń bójú tó ẹ̀rọ tó ń bá aláìsàn mí. Òun náà padà sí ilé ìwé, ó gboyè kejì, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n ra ilé sí Grayson, nínú ọ̀kan lára àwọn subdivision tuntun tí gbogbo ilé ibẹ̀ jọ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò fi máa ń kan ilẹ̀kùn aládùúgbò. Wọ́n bí Joanna, wọ́n bí Eli. Joanna ń múra àtijáde ní high school nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Eli jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, kì í sì í sọ Yorùbá ju "ẹ káàárọ̀ sà" lọ, àfi bí ó bá ní ohun tó fẹ́ tọrọ.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Conyers, bí wọ́n bá ń ka àwọn tí ayé wọn ti tò, Mummy Joanna wà nínú wọn. Òun náà gbà bẹ́ẹ̀, títí di ọjọ́ tó lọ gbọ́rọ̀ lẹ́nu Iman.

Iman ni ọmọ Nusaybah, nọ́ọ̀sì kan tí òun àti Olúkáyọ̀dé jọ ń ṣiṣẹ́. Redan, ní agbègbè Atlanta kan náà, ni wọ́n ń gbé. Nígbà tí Nusaybah bí ọmọ náà, ìyá rẹ̀ wá láti Ìsẹ́yìn láti bá a tọ́ ọ, kò sì padà mọ́. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà yìí ni Iman dàgbà sí, Yorùbá ni wọ́n jọ ń sọ. Nígbà tó wá wọ kindergarten, wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ wò níbẹ̀, wọ́n ní ó ní ìṣòro, kì í ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì nìkan, wọ́n ní bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń to ọ̀rọ̀ gan-an ni kò lọ déédéé.

Nusaybah gbé fóònù.

"Aunty Rẹ̀mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá gbọ́ ọmọ yìí fúnra yín. Èdè méjì ló wà lẹ́nu ẹ̀, wọ́n ní ó ń ṣàìsàn. Ẹ̀yin gbọ́ Yorùbá, ẹ gbọ́ tiwọn. Ẹ wá bá mi kọ ọ́ sílẹ̀ kí n gbé e lọ bá wọn."

Rẹ̀mílẹ́kún lọ ní ọjọ́ Sátidé. Nínú ọkọ̀, ó ti ń ro ohun tó máa kọ. Ó ti rí irú ẹ̀ rí, ọmọ tí kò ní nǹkan kan tó ń ṣe é àyàfi pé èdè ilé rẹ̀ kì í ṣe ti ilé ìwé.

Ó jókòó sílẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú Iman, ìyá àgbà wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ó mú àwọn àwòrán tó yà fúnra rẹ̀ jáde: ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko, ọkọ̀ tí wọ́n ń wà, ọkọ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Iman mọ gbogbo wọn, ọwọ́ rẹ̀ kò ṣì rárá bí wọ́n bá ní kó fi hàn. Ṣùgbọ́n bó bá kan kí òun náà pè wọ́n, ohùn kan náà ló fi ń pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Rẹ̀mílẹ́kún ní kó sọ ohun tí òun àti màmá àgbà ṣe láàárọ̀. Ọmọ náà sọ ọ́ tayọ̀tayọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ń jábọ́ níbẹ̀: "Màmá àgbà… din… mo jẹ… ó gbóná ẹnu." Rẹ̀mílẹ́kún tún bi í lọ́nà mìíràn. Bákan náà ni.

Ìbẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Bí ó bá jẹ́ Ìsẹ́yìn ni ọmọ yìí wà, tó sì ń sọ̀rọ̀ báyìí, òun ì bá ti mọ̀ pé òótọ́ ni ìṣòro wà. Ṣùgbọ́n Redan ló wà. Ẹnu ẹyọ ẹnìkan ló ti ń gbọ́ Yorùbá, ìyá rẹ̀ ń da Gẹ̀ẹ́sì mọ́ tirẹ̀, tẹlifíṣọ̀n ń sọ tirẹ̀. Eli pàápàá kì í ya ọkọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ̀, kò sì sí ohun tó ń ṣe Eli. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ àìsàn nínú rẹ̀ àti èyí tó jẹ́ Atlanta?

Nusaybah tẹ̀ lé e jáde sí ẹnu ọ̀nà.

"Kí lẹ rí, Aunty?"

"Nusaybah, mi ò mọ̀."

"Ẹ ò mọ̀ báwo? Ṣebí iṣẹ́ yín nìyí?"

"Iṣẹ́ mi ni. Ó lè jẹ́ pé èdè méjì yìí ló ń kọlu ara wọn. Ó sì lè jẹ́ pé òótọ́ ni wọ́n sọ fún ọ. Ohun tí wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò, ọmọ tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ṣe é fún. Fún ọmọ bíi tirẹ̀, kò sí ohun kankan lọ́wọ́ mi tí mo lè fi wọ̀n ọ́n."

"Mo rò pé ẹ máa gbè mí ni."

"Kí n kọ ohun tí kò dá mi lójú?"

Ìyá Nusaybah sọ̀rọ̀ láti inú ilé, pé kí wọ́n má jẹ́ kí àlejò lọ láìjẹun. Rẹ̀mílẹ́kún padà wọlé, ó jẹun. Kó tó lọ, ó gba Nusaybah nímọ̀ràn pé kó jẹ́ kí ilé ìwé máa kọ́ ọmọ náà ní ẹ̀kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ tí wọ́n fẹ́ kọ́ ọ, kò lè pa á lára, ṣùgbọ́n kó má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé kí wọ́n dá Yorùbá dúró nílé. Nusaybah gba ìmọ̀ràn náà bí ẹni gba ohun tí kò béèrè.

Ọ̀rọ̀ "mi ò mọ̀" yẹn ló bá Rẹ̀mílẹ́kún lọ sílé. Níbi iṣẹ́, ní àsìkò oúnjẹ ọ̀sán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí àwọn èèyàn ti kọ nípa irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ó rí ọ̀pọ̀ lórí ọmọ àwọn ará Ṣáínà, tí èdè tiwọn náà ní ohùn. Ti Yorùbá ṣọ̀wọ́n, èyí tó sì rí jẹ́ ti àwọn ọmọ tó wà nílé ní Nàìjíríà. Níkẹyìn, ó rí àwọn ìwádìí ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin kan ní yunifásítì kan ní àríwá Norway, Tordis lorúkọ rẹ̀, tó ń wo bí ọmọ ṣe ń kọ́ ohùn. Ibẹ̀ ni Rẹ̀mílẹ́kún ti mọ̀ pé àwọn ará Norway pàápàá ní àwọn ọ̀rọ̀ tó jẹ́ pé ìró ohùn nìkan ló yà wọ́n. Ó yà á lẹ́nu. Gbogbo ọdún tó lò ní Ifẹ̀, ó rò pé òyìnbó ò lóhùn nínú ọ̀rọ̀.

Ó fi ímeèlì ránṣẹ́ sí ọ̀jọ̀gbọ́n náà, ó sọ ọ̀rọ̀ Iman láìdárúkọ rẹ̀. Èsì dé kíákíá, kò sì gùn. Tordis ní ìbéèrè náà dára, òun náà kò mọ ìdáhùn rẹ̀. Ó ní ẹ̀ka òun máa polówó ipò olùwádìí kan láìpẹ́ fún ẹni tó fẹ́ gboyè ọ̀mọ̀wé, kí ó máa ṣọ́ ọ, ṣùgbọ́n òun kò ṣèlérí kankan.

Rẹ̀mílẹ́kún ka ìpolówó náà nígbà tó jáde. Bí ìpolówó iṣẹ́ ló ṣe rí, nítorí pé iṣẹ́ ni. Níbẹ̀, ẹni tó ń ṣe PhD kì í san owó ilé ìwé. Wọ́n á gbà á síṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin, á máa gba owó oṣù, á máa san owó orí, á ní ìsinmi, á ní tábìlì tirẹ̀ àti ọ̀gá tí yóò máa bi í léèrè ohun tó ṣe, á sì máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n kọ ọjọ́ tí wọn kò ní gba ìwé ẹnikẹ́ni mọ́ síbẹ̀. Wọn kò kọ ọjọ́ orí kankan.

Ó sọ ọ́ nínú ọkọ̀, nígbà tí wọ́n ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì. Olúkáyọ̀dé ló ń wakọ̀. Àwọn ọmọ wà lẹ́yìn, ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ orin wà létí wọn.

"Ìwé ni àbí iṣẹ́ ni?" Olúkáyọ̀dé béèrè nígbà tó gbọ́ ọ tán.

"Méjèèjì ni."

"Mummy Joanna, kò sí ohun tó ń jẹ́ méjèèjì. Tó bá jẹ́ ìwé, ìwọ lo máa sanwó. Tó bá jẹ́ iṣẹ́, àwọn ló máa san fún ọ."

"Àwọn ló máa san fún mi, Dadi Joanna."

"Kí o lè máa kàwé?"

"Kí n lè máa ṣèwádìí."

"Níbo ni Norway yìí wà gan-an?"

Joanna yọ nǹkan etí rẹ̀ kan. "Daddy, it's like, on top of Europe."

"Ṣé kò sí yunifásítì ní Atlanta ni?"

"Mo ti kọ̀wé sí àwọn kan. Wọ́n ní kò sí nínú ohun tí àwọn ń wò."

"Eli ńkọ́? Ta lo fẹ́ fi Eli sílẹ̀ fún?"

Rẹ̀mílẹ́kún bojú wo Eli lẹ́yìn. Olúkáyọ̀dé yà sí àdúgbò wọn.

"Kọ ọ́ ná," ó ní. "Wọn ò kúkú ní mú ẹni tó ti ń lọ sí àádọ́ta."

Ó fẹ́ fi ṣàwàdà ni, ṣùgbọ́n ó dun obìnrin náà. "Kọ ọ́ ná" ló mú nínú rẹ̀, ó fi ìyókù sílẹ̀ nínú ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ kó tó kárí ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, Aunty Fúnkẹ́ fà á lápá lọ sẹ́yìn ibi tí wọ́n ń páàkì ọkọ̀ sí. Àgbà ni Aunty Fúnkẹ́ nínú ẹgbẹ́ akọrin, òun ló sì ní ilé iṣẹ́ kan tó ń rán àwọn olùtọ́jú lọ sí ilé àwọn arúgbó.

"Rẹ̀mí, ṣé ọkọ ẹ ṣẹ̀ ọ́ ni?"

"Rárá o, mà!"

"Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn obìnrin kan wà tó jẹ́ pé ìwé ni wọ́n fi ń sá."

"Aunty, ọkọ mi ò ṣe mí ní nǹkan kan. Ìbéèrè kan ló wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ wá ìdáhùn sí."

"Ìbéèrè," ni Aunty Fúnkẹ́ wí. "Ó dáa. A ó gbàdúrà sí i." Ṣùgbọ́n fún bí oṣù kan lẹ́yìn náà, kò dáhùn ìkíni Olúkáyọ̀dé dáadáa, ọkùnrin náà kò sì mọ ohun tí òun ṣe.

Ohun tó nira jù nínú ohun tí wọ́n béèrè ni àlàyé bó ṣe fẹ́ ṣe ìwádìí náà. Ó kọ ọ́, ó fi ránṣẹ́ sí olùkọ́ rẹ̀ àtijọ́ ní Ifẹ̀, Dókítà Oyèwùmí, tó ti fẹ̀yìn tì sí Òṣogbo. Bàbá náà kà á, ó pè é lórí WhatsApp.

"Rẹ̀mílẹ́kún, ohun tó dùn ọ́ lo kọ yìí. Kò burú. Ṣùgbọ́n kí lo fẹ́ wọ̀n? Báwo lo ṣe máa wọ̀n ọ́n? Bí ohun tó o rí bá yàtọ̀ sí ohun tó o fẹ́ rí ńkọ́?"

"Mi ò tíì ro ìyẹn, sà."

"Lọ rò ó. Tún un kọ."

Ó tún un kọ, ó sì tún tún un kọ. Joanna ń kọ ti college tirẹ̀ lásìkò kan náà, àwọn méjèèjì á jókòó kojú síra wọn nídìí tábìlì oúnjẹ, kọ̀ǹpútà wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Ọjọ́ kan, Joanna gba ti ìyá rẹ̀ kà.

"Mummy, why are you begging them?"

"Níbo ni mo ti ń bẹ̀bẹ̀?"

"'I humbly wish.' 'I would be most grateful.' Ẹ yọ gbogbo ẹ̀ kúrò. Just tell them what you want to do."

Ó yọ ọ́ kúrò. Ó ní lẹ́yìn tó yọ ọ́ tán, ó ń ṣe òun bí ẹni wọ yàrá àgbà láìkí wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe fi ránṣẹ́.

Nígbà tí wọ́n pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, yàrá tó ti ń tọ́jú àwọn ọmọ ló ti ṣe é, nítorí pé ibẹ̀ ló pa rọ́rọ́ jù ní ilé ìwé náà láàárọ̀. Àga kékeré ló wà níbẹ̀. Ó to ìwé jọ, ó gbé kọ̀ǹpútà lé e lórí kí wọ́n má baà rí orúnkún rẹ̀. Àwọn mẹ́ta ló yọ lójú kọ̀ǹpútà: Tordis, obìnrin mìíràn, àti ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tí kò rẹ́rìn-ín. Tordis ní kó máa pe òun ní Tordis. Títí wọ́n fi parí, Professor ló ń pè é.

Ọkùnrin náà ló bi í ní èyí tó le jù. Ó ní, bí o bá wádìí fún ọdún mẹ́rin, tó wá hàn pé ohùn kò lè ràn wá lọ́wọ́ láti mọ ọmọ tó ní ìṣòro, kí lo máa sọ?

Rẹ̀mílẹ́kún rántí Dókítà Oyèwùmí. Ó ní, "Màá sọ pé a ti wá a síbẹ̀, kò sí níbẹ̀, kí ẹlòmíràn má baà tún fi ọdún mẹ́rin wá a."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Obìnrin kejì wá béèrè ohun tó sọ fún ìyá ọmọ inú àlàyé rẹ̀ yẹn. Ó ní òun sọ fún un pé òun kò mọ̀, inú ìyá náà kò sì dùn sí òun, kò tíì dùn títí di òní. Òun náà ní ìbéèrè kan fún wọn. Ó ní Atlanta ni àwọn ọmọ tí òun fẹ́ gbọ́ wà, kì í ṣe Norway. Ṣé wọ́n á jẹ́ kí òun wá gba ohùn wọn sílẹ̀ ní Atlanta? Tordis kọ nǹkan sílẹ̀, ó ní ìyẹn ò lè ṣàìrí bẹ́ẹ̀.

Èsì dé nígbà tí ilé ìwé ti gba ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn. Ní orílẹ̀-èdè yẹn, wọ́n máa ń to àwọn tó mókè tẹ̀ léra, wọ́n á sì sọ ipò kálukú fún un. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Hong Kong ló ṣe ipò kìíní. Rẹ̀mílẹ́kún ṣe ipò kejì. Ẹnìkan ṣoṣo ni wọ́n sì fẹ́.

Ẹ̀wà ló ń ṣà nígbà tí ọkọ rẹ̀ wọlé. Ó sọ fún un láìgbé ojú sókè. Olúkáyọ̀dé ka ímeèlì náà lórí ìdúró, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, inú sì bẹ̀rẹ̀ sí í bí i gan-an. Ó pe àbúrò rẹ̀ ní Houston, ó ròyìn fún un pé nínú gbogbo ayé, ipò kejì ni ìyàwó òun ṣe, wọ́n sì fi í sílẹ̀! Nígbà tí wọ́n ń jẹun, ó ṣì ń sọ ọ́.

"Ká ní wọ́n mú ẹ ni, ǹ bá ní kí o máa lọ. Àní lọ́jọ́ náà. Ẹni tí orí ẹ̀ pé tó báyìí, kí lèèyàn máa fi dè é mọ́lẹ̀ fún?"

"Ẹ ṣé," ni ìyàwó wí. Ó dùn mọ́ ọn nínú. Ó sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí kò ní ná an ní nǹkan kan ló ń sọ.

Oṣù kan kò tíì pé tí Tordis fi pè é lórí fóònù. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ti rí ipò sí ìlú tirẹ̀, kò wá mọ́. Ṣé Rẹ̀mílẹ́kún ṣì fẹ́ ẹ? Rẹ̀mílẹ́kún ní kí wọ́n fún òun ní ọ̀sẹ̀ kan.

Olúkáyọ̀dé gbọ́ ọ, ó ní "A dúpẹ́," ó sì jáde lọ gé koríko iwájú ilé tí òun fúnra rẹ̀ ti gé ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà. Lọ́jọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta, ó lọ síbi iṣẹ́, ó dé, ó jẹun, ó sùn. Ìyàwó kò bi í. Ó ti pinnu pé òun kò ní bẹ̀ ẹ́, òun kò sì ní lọ láìjẹ́ pé ó sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀.

Eli ló dá sí i, nídìí oúnjẹ.

"Daddy, you said she could go."

"Eli, jẹun."

"You said it. Ẹ sọ ọ́ níbí. Same chair."

Olúkáyọ̀dé gbé ṣíbí sílẹ̀. "Mo sọ ọ́," ó ní. Ó kọjú sí ìyàwó rẹ̀. "Mo sọ ọ́ nítorí mi ò mọ̀ pé wọ́n á tún pe ẹ́."

"Mo mọ̀."

"O mọ̀?"

"Mo mọ̀ lọ́jọ́ yẹn."

Ọkọ fi ọwọ́ nu ojú. Ó ní, "Kì í ṣe pé mi ò fẹ́. Mi ò tíì dá gbé rí láyé mi. Ilé ìyá mi ni mo ti bọ́ sí hostel, hostel ni mo ti bọ́ sí ọ̀dọ̀ ẹ. Mi ò mọ bí ilé ṣe ń rí téèyàn bá dé tí kò bá sí ẹnikẹ́ni tó máa sọ̀rọ̀ fún un."

"I'm literally right here," ni Eli wí, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín, títí kan Olúkáyọ̀dé.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n tò ó. Eli máa dúró ti bàbá rẹ̀ kí ilé ìwé rẹ̀ má baà dàrú. Olúkáyọ̀dé máa kúrò ní shift alẹ́. Joanna máa wà ní college láàárín ìlú, á máa wálé ní òpin ọ̀sẹ̀. Ìyá wọn á máa wà ní Atlanta fún oṣù díẹ̀ lọ́dọọdún láti gba ohùn àwọn ọmọ sílẹ̀, torí pé iṣẹ́ náà gan-an ló béèrè bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ojúrere ẹnikẹ́ni.

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe lọ. Ọdún àkọ́kọ́ kò rọrùn. Ní yunifásítì, àwọn ọmọ tó lè bí ń pe orúkọ rẹ̀ láìfi nǹkan kan síwájú rẹ̀. Ìṣirò tí wọ́n fi ń ṣe ìwádìí le fún un ju òtútù lọ, ó máa ń gbà á ní ọ̀sẹ̀ kan kó tó yé e, ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọjọ́ kan mọ̀. Nígbà tó gbọ́ pé Eli ti fìdí rẹmi nínú math, ó wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yunifásítì lọ sunkún. Ó pe ọkọ rẹ̀ pé òun ń bọ̀ nílé.

"Nítorí math?" ni Olúkáyọ̀dé wí. "Tó o bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ẹ̀, ọmọ yẹn á máa ru ẹrù yẹn kiri títí ayé ẹ̀. Jẹ́ n rí sí i." Ó rí sí i lóòótọ́. Ó mú un lọ sọ́dọ̀ olùkọ́ kan ní gbogbo ọ̀sàn Tuesday, òun náà sì ń jókòó níbẹ̀ títí wọ́n á fi parí.

Nígbà tí Rẹ̀mílẹ́kún padà wá sí Atlanta láti gba ohùn sílẹ̀, àwọn òbí kan kọ́kọ́ ń bẹ̀rù. Wọ́n ń béèrè ẹni tó rán an, wọ́n ń béèrè ibi tí ohùn ọmọ àwọn ń lọ. Aunty Fúnkẹ́ ló dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì tó ṣàlàyé fún wọn, ó ní ọmọ wa ni, ìbéèrè kan ló ń wá ìdáhùn sí. Lẹ́yìn ìyẹn, Rẹ̀mílẹ́kún ń lọ láti ilé dé ilé, Conyers, Lithonia, Redan. Ó dé ọ̀dọ̀ Nusaybah. Iman ti pé ọdún méje, wọ́n ti ní kò nílò ẹ̀kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ mọ́ ní ilé ìwé, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ já geere. Nusaybah béèrè bóyá ẹ̀kọ́ yẹn ló wò ó sàn, àbí kò fìgbà kan ṣàìsàn rárá.

"Mi ò tíì mọ̀," ni Rẹ̀mílẹ́kún wí.

"Aunty, ẹ tún dé!" Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀rín ló fi sọ ọ́, ó sì fọwọ́ sí i pé kí wọ́n gba ohùn ọmọ náà sílẹ̀.

Rẹ̀mílẹ́kún ti wà nínú ọdún kẹta báyìí. Ìwé tó kọ́kọ́ kọ fún àwọn onímọ̀, wọ́n dá a padà fún un, wọ́n ní àwọn ọmọ tó gba ohùn wọn sílẹ̀ kò tíì tó láti fi sọ ohun tó ń sọ. Inú rẹ̀ bàjẹ́ fún bí ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn náà ó tún un kà, ó rí i pé òótọ́ ni wọ́n sọ, ó ń gba ohùn ọmọ púpọ̀ sí i. Bí àwọn èèyàn bá bi í bóyá ó máa padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ ní Gwinnett tó bá parí, ó máa ń sọ pé òun fẹ́ bẹ́ẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni àwọn ọmọ wà.

Olúkáyọ̀dé ti ra tíkẹ́ẹ̀tì láti lọ bẹ̀ ẹ́ wò lóṣù kẹfà. Ìyàwó rẹ̀ ti sọ fún un pé oòrùn kì í wọ̀ níbẹ̀ ní àsìkò yẹn, pé á rí ojúmọ́ tọ̀sántòru. Kò gbà á gbọ́. Ó ti ra jákẹ́ẹ̀tì nínípọn méjì, ó sì ń sọ fún gbogbo àwọn tó wà ní shift rẹ̀ pé òun ń lọ wò ó fúnra òun.